Àjẹ́ ké lánàá, ọjà kò tà lónìí: Kí oníṣòwò tó dá ẹjọ́, kó kọ́kọ́ wádìí

Bí ọjà kò bá tà mọ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń di ẹjọ́. Ẹni tó ń ta aṣọ yóò ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ló kó oníbàárà òun lọ. Ẹni tó ń ta oúnjẹ yóò ní ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní ẹsẹ̀ ire. Ẹlòmíràn yóò ní ayé ló ń bá òun jà, yóò sì gbé owó tó yẹ kó fi ra ọjà lọ síbi tí wọn yóò ti bá a wò ó. Nígbà tí oṣù mẹ́ta bá fi kọjá, owó ti lọ, ọmọ iṣẹ́ ti lọ, òun àti aládùúgbò rẹ̀ kò kí ara wọn mọ́, síbẹ̀ ọjà náà kò tíì tà.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn létí, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá fi ṣe òfin nínú òwò rẹ̀ yóò jìyà. Pé nǹkan méjì tẹ̀lé ara wọn kò túmọ̀ sí pé èkíní ló bí èkejì. Ọmọ iṣẹ́ lè dé ní ọjọ́ Ajé, kí ọjà dúró ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó sì jẹ́ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tí àwọn oníbàárà ń gbà wá. Ẹni tó bá lé ọmọ náà lọ kò tíì dí kòtò tó wà lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí oníṣòwò kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi ìṣòro ní ìbéèrè kó tó náwó sí i. Iṣẹ́ yìí kò béèrè ìwé ńlá. Sùúrù ló ń béèrè, pẹ̀lú bíírò kan àti ìwé kékeré tí ènìyàn lè fi sábẹ́ tábìlì.

Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ìgbà wo gan-an ni nǹkan yí padà, kí ló sì tún yí padà ní àsìkò yẹn? Abúlé Ẹ̀gbá kì í dúró sójú kan. Kó tó di 2017, oríta Abúlé Ẹ̀gbá tó wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta jẹ́ ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kì í ti í tán. Ọkọ̀ ń wọ́ nílẹ̀, èrò inú ọkọ̀ sì ń ra nǹkan láti ojú fèrèsé. Lọ́dún 2017 yẹn ni ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambode ṣí afárá tó gba orí oríta náà kọjá. Ní Oṣù Kẹjọ 2020, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú tún ṣí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT láti Òṣòdì dé Abúlé Ẹ̀gbá.

Ohun rere ni méjèèjì fún ẹni tó fẹ́ tètè délé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n túmọ̀ sí fún ẹni tó ń ta omi tútù, búrẹ́dì tàbí ẹ̀pà lórí àtẹ nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń rọra wọ́ kọjá níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ń gba òkè lọ. Èrò tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ rẹ̀ lè ti máa sọ̀ ní ibùdókọ̀ mìíràn báyìí. Irú oníṣòwò bẹ́ẹ̀ lè máa fura sí aládùúgbò rẹ̀, kó sì máa dín owó ọjà kù, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ èrò ló kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ̀dínwó kò lè pe ẹni tí kò kọjá níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ni kó lọ dúró fún wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́, kó ka iye ènìyàn tó ń kọjá níwájú àtẹ rẹ̀ àti níbi tí èrò ti ń sọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mọ̀ bóyá ibi tó wà ló yẹ kó yí padà ni, àbí ohun tó ń tà.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan ni “ọjà kò tà,” ṣùgbọ́n àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà nínú rẹ̀. Èkíní, àwọn tó ń wá rajà lè ti dín kù. Èkejì, iye àwọn tó ń wá lè má dín kù, kó jẹ́ pé ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń rà ló kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, wọ́n lè máa wá, kí wọ́n máa rà bó ti yẹ, kó jẹ́ pé èrè ló ń jò gba ibòmíràn lọ. Oògùn ọ̀kan kò wo èkejì sàn.

Ọ̀nà tí oníṣòwò fi lè mọ èyí tó ń ṣe é kò le. Kó fa ìlà kan sínú ìwé fún ẹnikẹ́ni tó bá rajà, kó kọ iye owó tí ẹni náà ná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ rántí ọdún 2023. Ní Ọjọ́ 29, Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, jálá epo bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò lọ sí nǹkan bíi ₦500. Lásìkò bẹ́ẹ̀, ìyá tó máa ń ra kóńgò ìrẹsì márùn-ún lè ṣì máa wá, ṣùgbọ́n kóńgò méjì lòun náà lágbára àtirà. Oníṣòwò tó bá ka iye ènìyàn tó wá yóò rí i pé oníbàárà kò sá lọ, àpò oníbàárà ló gbẹ. Yóò dí ọjà rẹ̀ ní kéékèèké tí agbára wọn ká, dípò kó máa náwó sí pátákó tuntun.

Owó kù, ta ló mú un?

Ibi tí àìwádìí ti ń ba ayé ènìyàn jẹ́ jù ni ibi owó tó kù. Oníṣòwò yóò ṣírò owó nírọ̀lẹ́, yóò rí i pé ₦8,000 kò sí. Ọmọ iṣẹ́ nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ariwo olè ti sọ, àwọn òbí ọmọ ti gbọ́, ọmọ tó yẹ kó gba òmìnira lọ́dún tó ń bọ̀ ti di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń wò tìfura-tìfura.

Ó lè jẹ́ pé ọmọ náà ló mú un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá ni àgbà òṣìkà, owó náà sì ní ọ̀nà púpọ̀ tó lè gbà lọ. Ṣé ẹnì kan kó ọjà láwìn tí wọn kò kọ ọ́ sílẹ̀? Ṣé oníbàárà kan fi ìkéde owó hàn lórí fóònù, tí owó náà kò sì wọ àpò báńkì? Ṣé ẹ̀rọ POS yọ owó iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀? Ṣé ṣéńjì ni wọ́n fún ẹnì kan ní àfúnlé? Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ bi ara wọn ni pé: ṣé ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò mú ₦3,000 láàárọ̀ láti fi ra gáàsì sílé, kó mú ₦5,000 fún owó ilé ìwé lọ́sàn-án, kó sì gbàgbé?

Ohun tó ń yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí ni kí oníṣòwò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé: “Bó bá jẹ́ pé ọmọ yìí kọ́ ló mú un, kí ló yẹ kí n rí?” Bí ọmọ kò bá jẹ̀bi, owó yóò máa kù ní ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀ pàápàá. Bó bá jẹ́ òun ni, ọjọ́ tó bá wà níbẹ̀ nìkan ni yóò máa kù. Ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n bá kọ gbogbo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, títí kan ti ọ̀gá, yóò sọ púpọ̀ nínú òtítọ́ náà. Ó sàn kí ènìyàn fi ọ̀sẹ̀ méjì wádìí ju kó fi ọjọ́ kan ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Bi í léèrè lẹ́ẹ̀marùn-ún

Ní orílẹ̀-èdè Japan, ọ̀gbẹ́ni Taiichi Ohno, ọ̀kan nínú àwọn tó tún ètò iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ṣe, máa ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n béèrè “kí ló dé?” lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó tún ohunkóhun ṣe. Àpẹẹrẹ tó lò ni ẹ̀rọ kan tó dúró lójijì. Kí ló dé? Fíúsì jó, nítorí iṣẹ́ wọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn. Kí ló dé? Òróró kò tó níbi tí irin ti ń yí. Kí ló dé? Pọ́ǹpù kò fa òróró dáadáa. Kí ló dé? Ọ̀pá inú pọ́ǹpù ti jẹ. Kí ló dé? Kò sí asẹ́ níbẹ̀, ni èérún irin bá ń wọlé. Ẹni tó bá dúró síbi ìbéèrè kìíní yóò ra fíúsì tuntun. Fíúsì náà yóò tún jó. Ẹni tó dé ìbéèrè karùn-ún yóò ra asẹ́, ọ̀rọ̀ náà yóò sì tán.

Kò dìgbà tí ènìyàn bá ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kó tó lo ọgbọ́n yìí. Ẹ fi ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí ọjà Ilé-Epo, ní Òkè-Odò, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹja rẹ̀ ń bàjẹ́, ó sì fẹ́ yá owó ra jẹnẹrétọ̀ tó tóbi. Kí ló dé tí ẹja fi ń bàjẹ́? Fìrísà kò tutù tó. Kí ló dé? Iná kì í sí lóru, jẹnẹrétọ̀ kì í sì ṣiṣẹ́ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Kí ló dé? Epo ti wọ́n jù. Kí ló dé tí ẹja fi ní láti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú fìrísà? Páálí mẹ́wàá ló ń rà lẹ́ẹ̀kan, páálí kan ló sì ń tà lóòjọ́. Kí ló dé tó fi ń ra mẹ́wàá? Wọ́n ń dín ₦500 kù fún un lórí páálí kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá ń jẹ jálá mẹ́ta lóòjọ́, tí jálá kan sì jẹ́ ₦900, epo ọjọ́ mẹ́wàá yóò jẹ́ ₦27,000. Ẹ̀dínwó tó tìtorí rẹ̀ ra páálí mẹ́wàá kò ju ₦5,000 lọ. Ká ní páálí méjì péré ló ń rà ní ọjọ́ méjì-méjì, páálí kan ló máa ń sùn mọ́jú, kúlà àti yìnyín sì lè gbà á. Ẹ̀dínwó ₦5,000 yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Owó ọkọ̀ yóò fi ₦2,000 lé e, yìnyín òru márùn-ún ní ₦1,000-₦1,000 yóò jẹ́ ₦5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ìyá náà ti fi ₦15,000 pamọ́ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, láìka ẹja tí kò bàjẹ́ mọ́. Iye owó nǹkan lè yí padà láti ọ̀sẹ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ kì í yí padà. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó fẹ́ jẹ gbèsè rà, lápálápá ló fẹ́ fi wò, ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò rí.

Ọ̀pọ̀ èrò kì í ṣe ẹ̀rí

Ìwádìí kò mọ sórí ohun tó ti bàjẹ́ nìkan. Ibi tó ti ṣe pàtàkì jù ni ìgbà tí nǹkan tó dà bí àǹfààní bá yọ lójijì, tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ síbẹ̀. Abúlé Ẹ̀gbá mọ èyí ju ọ̀pọ̀ àdúgbò lọ.

Ní òru tó mọ́jú Ọjọ́ 26, Oṣù Kejìlá, 2006, àwọn olè dá páìpù epo lu ní Abúlé Ẹ̀gbá. Epo ti wọ́n lójú ní Èkó nígbà ọdún Kérésìmesì yẹn. Nígbà tí ìròyìn tàn ká, tọkùnrin-tobìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì àti korobá jáde láti gbọ́n epo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, iná sọ. Ó lé ní igba (200) ènìyàn tó bá a lọ.

Kì í ṣe pé àwọn tó kú kò gbọ́n. Ìyà epo ń jẹ wọ́n, wọ́n sì rí àwọn mìíràn tó ń gbọ́n ọn. Ó rọrùn kí ènìyàn rí aládùúgbò tó gbé kẹ́ẹ̀gì kìíní délé láyọ̀, kó sì sọ pé kò séwu. Ṣùgbọ́n ewu tó wà níbẹ̀ kò dín kù nítorí pé iná kò tíì sọ. Ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2006 yẹn kan náà ni irú iná bẹ́ẹ̀ pa ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Ìládò, ní Èkó kan náà. Ẹ̀rí wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè pé, “Àwọn tó ṣe irú èyí ṣáájú wa dà?” Ní Oṣù Kìn-ín-ní 2020, iná páìpù tún sọ ní Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ̀mí sì tún bá a lọ.

Ìbéèrè yẹn kan náà ló bá ọ̀rọ̀ owó mu. Ní ìparí 2015 ni ètò MMM tí Sergey Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, dá sílẹ̀ wọ Nàìjíríà. Wọ́n ní èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún (30%) ni ènìyàn yóò máa rí lóṣooṣù. Ẹni tó bá béèrè nípa àwọn tó ṣe é ṣáájú ì bá ti gbọ́ pé ní 1994 ni irú rẹ̀ ti fọ́ mọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà lórí. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò ì bá ti rí nǹkan mìíràn: ₦100,000 tó bá ń bí 30% lóṣooṣù, tí wọn kò sì yọ nínú rẹ̀, yóò di ohun tó lé ní ₦2,300,000 láàrin ọdún kan. Òwò wo ní gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ló ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Bí kò bá sí òwò kankan nídìí rẹ̀, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó ti wà níbẹ̀. Ní Ọjọ́ 13, Oṣù Kejìlá, 2016, wọ́n ti ìlẹ̀kùn owó náà. Àjọ NDIC tó ń mójú tó owó táwọn ènìyàn fi sí báńkì sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù tó bílíọ̀nù méjìdínlógún náírà. Síbẹ̀, ní Oṣù Kẹrin 2025, ọ̀pọ̀ tún ké gbàjarè lórí CBEX.

Kí ló dé tí ọlọ́gbọ́n fi ń kó sí i? Ìdí kan ni pé àwọn tó jèrè nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, onímọ̀ ìṣirò kan tó ń jẹ́ Abraham Wald wà ní Yunifásítì Columbia ní Amẹ́ríkà, ó sì ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òfurufú ogun tí ìbọn ọ̀tá bà. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn ni pé ọkọ̀ tó padà dé nìkan ni ojú ń rí. Bí ọta ìbọn bá pọ̀ lára ìyẹ́ àwọn tó padà dé, tí kò sì sí lára ẹ́ńjìnnì wọn, ẹ́ńjìnnì ló yẹ kí wọ́n dáàbò bò jù, nítorí pé àwọn tí ìbọn bà níbẹ̀ kò padà wá sílé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òwò rí. Ẹni tí owó rẹ̀ wọlé yóò pariwo ní ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ rì yóò dákẹ́ nítorí ìtìjú. Bó bá sì jẹ́ òwò tó dára lóòótọ́, bíi POS tàbí ilé ìtajà gáàsì, tó dà bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ń jèrè níbẹ̀, kí oníṣòwò wá àwọn tó ti pa tiwọn tì kàn, kó bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Àwọn ni wọ́n mọ ibi tí ìbọn ti ń bani.

Ibi tó yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀

Kí oníṣòwò kọ ìṣòro náà sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. “Ẹni tó ń rajà dín kù láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn” ni ìṣòro. “Ìyá Bọ̀dé ń ba ọjà mi jẹ́” ti di ìdájọ́.

Kó kọ ohun mẹ́ta tó lè fà á, kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní ohun kan ṣoṣo lọ́kàn yóò máa rí ẹ̀rí rẹ̀ níbi gbogbo.

Kó bi ẹnì kan tí kò ní gbà fún un ní kíá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rẹ́ tó máa ń sọ pé “òótọ́ ni” sí gbogbo ọ̀rọ̀ kò wúlò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Kó dán ojútùú wò pẹ̀lú owó kékeré. Ẹni tó fẹ́ kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí ibòmíràn lè kọ́kọ́ gbé àtẹ kékeré síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí kò bá tà níbẹ̀, owó àtẹ ló pàdánù, kò pàdánù owó ilé ọdún méjì.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kó máa padà wo ìwé náà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ojútùú tó dára lọ́dún tó kọjá lè má dára mọ́ lónìí.

Kò sí èyí tó ní kí ènìyàn má gbàdúrà tàbí kó má bẹ̀rù ayé. Ẹni tó gbàdúrà tán ṣì ní láti mọ iye páálí ẹja tó wà nínú fìrísà. Bí owó ọjà bá ti fẹ́ jáde lápò nítorí ìbínú, ẹ̀rù tàbí ariwo èrò, kí oníṣòwò dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, kó sì máa kọ ohun tó bá rí sílẹ̀. Ìṣòro tó bá ṣe pàtàkì yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, owó tí yóò fi yanjú rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.